Ẹ̀wù Júdásì

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ ní Ọ̀yọ́, olùkọ́ ìtàn kan wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo kíláàsì. Kì í pariwo, kì í bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti bi ọ́ ní ìbéèrè, ńṣe ni yóò máa wò ọ́, yóò sì dákẹ́ títí ìdáhùn burúkú tó wà lẹ́nu rẹ yóò fi jáde. Èmi nìkan ni mo máa ń bá a jiyàn. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu mi ni yóò kó bá mi, èmi náà á ní ṣebí ọ̀dọ̀ ẹni tó bí mi ni mo ti jogún rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a máa lọ fún ìsinmi Àjíǹde, ní àwọn ọdún tí ọwọ́ ìjọba ológun le mọ́ wa yẹn, ó wọlé, ó gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Júù ní Yúróòpù?" Ẹnìkan ní ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí olórí ìjọba Jámánì ìgbà náà gorí àlééfà ni. Ó mi orí rẹ̀. Ó ní ká padà sẹ́yìn dáadáa.

Ó ní fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń wàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn Júù ló pa Olúwa, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn wọn láti ìran dé ìran. Ó ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde yìí gan-an ni àyà wọn máa ń já, nítorí àwọn tó ń ti ìsìn bọ̀ lè gba ojúlé wọn kọjá pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi wọn kò jẹ́ kí wọ́n ní ilẹ̀ oko, wọn kò gbà wọ́n sẹ́gbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn wá ń ṣòwò tí wọ́n ń yáni lówó, wọ́n ní ẹ ò rí i, olójúkòkòrò ni wọ́n. Àjàkálẹ̀ àrùn dé, wọ́n ní àwọn Júù ló da májèlé sí kànga, wọ́n sì sun wọ́n níná. Ọmọ sọnù, wọ́n ní àwọn Júù ti pa á fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìlú yìí lé wọn, ìlú tọ̀hún lé wọn. Nígbà tó yá, àwọn kan tó pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé tún wá sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àbùkù wọn wà, pé ìrìbọmi gan-an kò lè wẹ̀ ẹ́ nù. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Jámánì náà dé, oko ti wà ní ríro. Ó lé wọn lẹ́nu iṣẹ́, ó gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ wọn, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n rán àmì mọ́ wọn láṣọ, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin. Mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn ni wọ́n pa. Ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀.

"Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi pa wọ́n," ó ní. "Nígbà tí ọwọ́ máa dé, ẹnu ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán."

Mo na ọwọ́ sókè. Mo ní, "Sà, ṣé gbogbo ẹni tó ń bú wọn náà ló jẹ́ apààyàn ni?"

"Rárá o. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń rẹ́rìn-ín ni."

Mo wọ ọkọ̀ Píjò lọ sílé ní Ọjọ́bọ̀ tí Gúdù Fúráìdè máa tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ yẹn sì há mi lọ́fun bí egungun ẹja dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ilé tí ìyá mi ń gbé kò jìnnà sí oríta Ọjà Igbó. Ààfáà àgbàlagbà kan ló ni ín. Lẹ́yìn ilé ni kànga wà, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ Gáánà kan kọ́ yàrá pákó sí, tó mọ ààrò búrẹ́dì sínú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ní ẹ̀wù funfun kan tó ní àpò pupa láyà, òun ló máa ń wọ̀ bó bá ń ta búrẹ́dì kiri. Bí àwọn ọmọdé bá ti rí àpò pupa náà lókèèrè, wọ́n á ti máa sáré bọ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ rí i sójú. Bí ọkùnrin náà bá kí i láàárọ̀, ìyá mi kì í dáhùn.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti gbé Gáánà rí. Kùmásì ni ìyá mi àti bàbá mi ti ń ta abọ́, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kùn pé àwọn Yorùbá ló gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé àwọn ló sọ nǹkan di ọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ kan ìjọba wọn ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Àwọn èèyàn wá dúró síwájú ilé wa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé ká máa lọ sílé wa. Gbogbo abọ́ tí àwọn òbí mi ò rí tà ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó pàtẹ́wọ́ kọ́ ló ń dun ìyá mi jù. Ọ̀rọ̀ obìnrin aládùúgbò wọn kan ni, tí wọ́n jọ ń dáná, tí wọ́n jọ ń pọn ọmọ ara wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí wọn, kò lanu sọ̀rọ̀ rí. Ọjọ́ tí lọ́rí fẹ́ gbéra ló wá ń sunkún, ló di ọwọ́ ìyá mi mú, ló ní, "Nante yie." Kó máa rin ire ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni tó tu òkúta inú ìrẹsì. "Omijé ẹ̀ ò bá wa gbé ẹrù kankan," bó ṣe máa ń parí ìtàn náà nìyẹn. Nígbà tí Nàìjíríà náà wá lé àwọn ọmọ Gáánà, ìyá mi jó. Oníbúrẹ́dì yìí wà lára àwọn tí wọ́n lé. Iṣẹ́ ló jẹ́ kó tún rọra padà wá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó àlìkámà wọlé mọ́. Ìyẹ̀fun di góòlù. Búrẹ́dì ń kéré, owó rẹ̀ ń ga. Ìjọba jìnnà, oníbúrẹ́dì wà nítòsí, òun ni wọ́n rí bú. Wọ́n ní ó ń kó ìyẹ̀fun pamọ́. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́nu, tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì, ẹnìkan rántí pé oníbúrẹ́dì ló ń fa omi jù ní kànga, pé ìdájí ló sì ń fà á. Kí ló ń wá lẹ́bàá kànga nídàájí? Àwọn tó ń béèrè mọ̀ dájú pé ìdájí ni wọ́n ń po búrẹ́dì. Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ láàárọ̀.

Bí mo ṣe ń sọ báàgì kalẹ̀ ni ìyá mi sọ ọ́ fún mi. "Wọ́n ní ó ń da nǹkan sínú kànga."

Mo ní, "Màámi, ta ló rí i?"

"Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́."

"Mo ní ta ló rí i?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé tíṣà ni wọ́n ń kọ́ ẹ ní Ọ̀yọ́ ni àbí lọ́yà?"

Mo jókòó tì í lẹ́nu àdógán, mo ròyìn gbogbo ohun tí olùkọ́ wa sọ, kànga, iná, ọkọ̀ ojú irin. Ó ń fẹ́ iná, kò wojú mi. Nígbà tí mo parí, ó pòṣé.

"Ṣebí àwọn náà ló pa Jésù."

"Jésù gan-an, Júù ni, Màámi. Ìyá rẹ̀, Júù ni. Pétérù, Júù ni."

"Olúwa tèmi kọ́! Ọmọ Ọlọ́run ni."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ Júdásì nìkan lẹ máa ń pè ní Júù? Ẹ̀yin tí wọ́n lé ní Kùmásì ńkọ́, ta lẹ pa?"

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Má fi mí wé wọn," ó ní.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ wọlé. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, káfíńtà kan tó sanra ni olórí wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fi pòpórò àgbàdo di èèyàn, wọ́n á fi ìkòkò tó ti là ṣe orí rẹ̀, wọ́n á wá máa tọrọ àkísà kiri ilé láti wọ̀ ọ́. Júdásì nìyẹn. Ní Gúdù Fúráìdè wọ́n á wọ́ ọ kiri, wọ́n á nà án lẹ́gba ní gbogbo oríta, wọ́n á sì dáná sun ún bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kò nà án rí. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Màmá, aṣọ Júdásì la wá tọrọ o."

Ìyá mi fi àgbọ̀n júwe okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Ẹ̀wù funfun alápò pupa wà níbẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú tìyẹn. Ta ni Júdásì ì bá tún jọ?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo fò dìde, ṣùgbọ́n káfíńtà ti na ẹ̀wù náà sókè réré. "Antí tíṣà, eré ni. A ó dá a padà."

"Ẹ máa sun ún níná, ẹ ó wá dá kí ni padà? Eérú?"

Mo sáré tẹ̀ lé wọn dé títì, wọ́n sì fi ẹ̀rín sá fún mi. Mo padà wá bá ìyá mi. Mo ní ṣé ó mọ ohun tó ṣe? Ó ní aṣọ lásán ni, kí n jẹ́ kóun sinmi. Mo lọ bá oníbúrẹ́dì níbi tó ti ń fọ agolo búrẹ́dì rẹ̀. Mo ní kó lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan títí ọdún á fi kọjá. Ó wo okùn tó ṣófo, ó mi orí.

"Sísítà, mo ti di Júdásì kí wọ́n tó mú ẹ̀wù," ó ní. "Búrẹ́dì ọdún ni mo sì fẹ́ po lọ́la. Bí mo bá sá, wọ́n á ní òótọ́ ni."

Nǹkan kan wà tí n kò ronú sí rí àfi ọjọ́ kejì. Gúdù Fúráìdè kì í bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ náà ni. Ní wákàtí tí wọ́n ń na Júdásì, Ààfáà onílé wa àti gbogbo àgbà ọkùnrin tó lè sọ ní àdúgbò pé ó tó gẹ́ẹ́ ti wà ní mọ́sálásí.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu agolo bọ̀ láti Ọjà Igbó. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Ìyá mi wà láàárín àwọn obìnrin tó ń kọrin bọ̀ lẹ́yìn, nínú sùtánà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ti ìsìn dé. Júdásì ń mì lórí igi pẹ̀lú àpò pupa láyà. Nígbà tí wọ́n dé oríta, obìnrin kan sáré bọ́ sí àárín wọn tó ń ké pé ọmọ kan tí wọ́n gbé lọ sọ́sibítù ti kú. Irọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà padà wálé, ó ń tọrọ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ti kú lẹ́nu gbogbo wọn.

Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ wo ẹ̀wù tó wọ̀!" Ẹ̀rín dá. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí wọ́n yà sí. Ilé wa ni wọ́n yà sí.

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo lu ilẹ̀kùn pákó, mo ní kó má ṣí i o. Mo gbọ́ bó ṣe fi nǹkan ti ilẹ̀kùn nínú. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti kún àgbàlá. Agolo kò dún mọ́. Mo rí ẹni tó ń ta ata fún wa. Mo rí télọ̀ tó rán aṣọ ilé ìwé mi. Kì í ṣe ojú àjèjì kankan, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo pariwo pé wòléwòlé ni kí wọ́n pè kó wá yẹ kànga wò. Ẹnìkan tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Káfíńtà gbé Júdásì ti ara yàrá pákó náà. Kẹrosíìnì tí wọ́n fẹ́ fi sun ún wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn kan ní, "Ẹ sun ún síbẹ̀!" Pòpórò gbígbẹ, pákó gbígbẹ, èèyàn kan nínú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sọ ọ́ pọ̀ mọ́ àtẹ́wọ́: "Máa lọ sílé ẹ! Máa lọ sílé ẹ!"

Mo rí ìyá mi. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù. Ọwọ́ náà kò pàdé. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ẹnu àwọn èèyàn, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹni tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ ya ọ̀nà. Nígbà tó dé iwájú, ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn Júdásì, ó já bọ́tìnnì méjì, ó sì wọ̀ ọ́ lé sùtánà rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Ẹni tó ni ẹ̀wù lẹ̀ ń wá?" ó ní. "Èmi ni mo mú un fún yín. Èmi ni mo ni ín. Júdásì yín rèé. Ẹ gbé iná wá."

Káfíńtà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

"N ò kúrò. Mo ti kúrò níbì kan rí."

Òkúta kan fò wá láti ẹ̀yìn, ó bà á léjìká. Kò fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá ìjọ ni, òun ló máa ń gbàdúrà fún àwọn aboyún wọn, òun ló ń gba ọmọ púpọ̀ nínú wọn mọ́ra lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo dúró tì í, mo sì ń gbọ́ bí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn pákó ṣe ń mí. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí a tó gbọ́ ohùn Ààfáà tó ti mọ́sálásí dé, tó ń béèrè ẹni tó fún wọn láyè láti wọ agbolé òun. Wọ́n ń yọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ilẹ̀. Káfíńtà fa Júdásì rẹ̀ lọ ní ìhòòhò.

N kò fi èyí wé ohun tí ojú àwọn Júù rí o. Tiwa dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn, tiwọn ò dúró. Níbẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ló di kẹrosíìnì mú, ó ní ọlọ́pàá, ó ní akọ̀wé, ó ní ọkọ̀ ojú irin, àwọn tó bọ́ síwájú kò sì pọ̀ tó. Àwọn tó fẹ́ sá, ìlú púpọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, n kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi láé pé ọjọ́ tí iná ràn ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn wòléwòlé wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, wọ́n ní ṣáláńgá onílé ló sún mọ́ kànga jù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, oníbúrẹ́dì ti di ẹrù rẹ̀. Ìyá mi ti fọ ẹ̀wù náà, ó ti rán bọ́tìnnì sí i. Ó lọ bá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Kùmásì bá a sọ̀rọ̀, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí ọkùnrin náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. N kò gbọ́ èdè náà dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀bẹ̀ bí mo bá gbọ́ ọ. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ.

Yorùbá ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn. "Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró síwájú iná fún mi. Mi ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo kí yín láràárọ̀ látìgbà tí mo ti dé, ẹ ò dáhùn. Gbogbo wọn rí i pé ẹ ò dáhùn. Iná ti ń jó kí wọ́n tó gbé kẹrosíìnì dé."

Ìyá mi nawọ́ ẹ̀wù sí i. Ọkùnrin náà gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ abíyá.

A sìn ín dé oríta Ọjà Igbó. Àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ ọjà ọdún, wọ́n ń kí ìyá mi, kò sẹ́ni tó kí oníbúrẹ́dì. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, ìyá mi na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Nante yie," ó ní.

Mọ́tò lọ. Ó ṣì na ọwọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan náà bo ẹnu rẹ̀, ó wojú mi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Ohun tí obìnrin Kùmásì yẹn sọ fún mi náà nìyẹn," ó ní. "Ohun kan náà."